Barton Fink: òǹkọ̀wé tó fi òwú di etí, àti ohun tí mo rí kọ́ lára rẹ̀

Àwa tá a ń fi ìtàn fíìmù kíkọ jẹun máa ń wo fíìmù tó bá dá lórí òǹkọ̀wé bí awakọ̀ ṣe máa ń yọjú wo ọkọ̀ tó dẹnu kọlẹ̀ sẹ́bàá títì. A fẹ́ mọ ibi tó ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ sú mi. Ọkùnrin kan á jókòó sẹ́bàá fèrèsé, á fọwọ́ lérán, obìnrin arẹwà kan á wọlé, wọ́n á jà, ọkùnrin náà á sáré padà sídìí iṣẹ́, ó di ìwé, ó di àtẹ́wọ́. Ta ló kọ ìtàn bẹ́ẹ̀ rí? Èyí tó mú mi jókòó gírí ni Barton Fink, tí Joel Coen àti Ethan àbúrò rẹ̀ gbé jáde ní 1991. Mo ti wò ó ní àwòtúnwò, mo sì ti yá àwọn èèyàn nínú iṣẹ́ wa wò. Àwọn kan sùn lọ kó tó dé àárín.

N kò bá wọn jà. Fíìmù náà kì í tu òǹwòran lójú. Níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes, nílẹ̀ Faransé, àwọn adájọ́ fún un ní ẹ̀bùn tó ga jù lọ lọ́dún 1991 yẹn, wọ́n fún Joel ní ti olùdarí, wọ́n tún fún John Turturro tó ṣe Barton ní ti òṣèrékùnrin, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀. Ó padà délé ní Amẹ́ríkà, owó tó pa ní sinimá ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 dọ́là lọ, bẹ́ẹ̀ ó tó mílíọ̀nù 9 tí wọ́n ná lé e. Títí dòní, bẹ́ ẹ bá dárúkọ àwọn Coen níbi tí àwọn tó fẹ́ràn fíìmù wà, Fargo lẹ máa gbọ́, The Big Lebowski lẹ máa gbọ́, ẹni tó bá fẹ́ fọ́nnu á ní No Country for Old Men. Barton Fink wà nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ kì í tètè dé. Lójú tèmi, kò sí èyí tó mọ iṣẹ́ òǹkọ̀wé eré tó o nínú gbogbo fíìmù tí mo ti wò.

Ọdún 1941 ni ìtàn náà wáyé. Barton jẹ́ òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé ní New York. Eré tó kọ nípa àwọn mẹ̀kúnnù, nípa àwọn tó ń kiri ẹja ládùúgbò àwọn tálákà, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbayì lójú àwọn olówó tó múra wá wò ó. Hollywood gbọ́, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó dé Los Angeles, ó wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ Hotel Earle, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì gbé lé e lọ́wọ́ ni fíìmù ìjàkadì fún Wallace Beery, òṣèré Hollywood kan. Barton ò mọ nǹkan kan nípa ìjàkadì. Ó jókòó sídìí tàìpùráítà, ó tẹ ìlà díẹ̀ nípa ilé àwọn tálákà ní Manhattan àti ohùn àwọn tó ń kiri ẹja lówùúrọ̀, ìyẹn ni pé ibi tí eré tó gbé e jáde ti bẹ̀rẹ̀ lòun náà tún ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ kú.

Bí fíìmù yìí ṣe fi ọwọ́ tó kú yẹn hàn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Wọn ò jẹ́ kí Barton fa irun ara rẹ̀ tu tàbí kó ya ìwé dà nù. Ògiri ni wọ́n ń fi hàn wá. Pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ń ṣí nítorí ooru, gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ bọ̀ọ̀, Barton á dìde, á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà, á jókòó, yóò tún ṣí. Àwòrán obìnrin kan tó jókòó sétí òkun wà lókè tábìlì, á tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀fọn kan ń fò nínú yàrá. Nígbà tó sì dé ọ́fíìsì pẹ̀lú ojú tó ti wú, pirodúsà rẹ̀ sọ fún un pé kò sí ẹ̀fọn ní Los Angeles, pé inú irà lẹ̀fọn ń gbé, pé aṣálẹ̀ ni ibẹ̀. Èmi tí ẹ̀fọn àti jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì jọ ń bá kọ ìwé eré ní Abẹ́òkúta, ẹ̀rín ni mo fi í rín. Àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Lọ́jọ́ tí ìtàn bá ṣú dùdù mọ́ mi lójú, mo lè sọ iye kòkòrò tó kú sínú gílóòbù iná yàrá mi.

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Jack Lipnick ni ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ fíìmù náà. Michael Lerner ló ṣe é, wọ́n sì tìtorí ẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Oscar. Lipnick dì mọ́ Barton lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó pariwo, ó ní òǹkọ̀wé lọba níbí, ó ní ohun tí òun fẹ́ ni kí fíìmù yẹn ní adùn Barton Fink nínú. Kí ni adùn náà? Kò sọ. Barton náà ò béèrè. Pirodúsà tí wọ́n fi í tì, Geisler, ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Barton wá bá a pé iṣẹ́ ò lọ, ohun tó fi dá a lóhùn ò ju pé Wallace Beery rèé, ìjàkadì rèé, kí lo tún ń wá? Ó ní kó lọ wá òǹkọ̀wé mìíràn bá sọ̀rọ̀. Barton ní níbo lòun ti máa rí wọn. Geisler ní bó bá ju òkúta nínú ilé oúnjẹ yẹn, òǹkọ̀wé kan ló máa bà, kó sì jọ̀ọ́, kó jù ú dáadáa.

Mo dá fíìmù náà dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wò ó, nítorí mo mọ ohùn yẹn. Ọ̀gá pirodúsà kan tí mo bá ṣiṣẹ́ máa ń pè mí lálẹ́: "Àǹtí, ìtàn yẹn dáa o, ṣùgbọ́n kò tíì dùn. Ẹ fi adùn yín yẹn sí i." Mo ní, "Adùn èwo, ọ̀gá mi?" Ó ní, "Háà, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n. Irú ti èkejì yẹn." Èèyàn rere ni, ó sì ń sanwó. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà pé òun ti ṣàlàyé.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí. Kí n tó fọwọ́ kan bírò, mo máa ń ní kí ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi sọ ibì kan fún mi nínú fíìmù èyíkéyìí tó pa á lẹ́kún, kó sì sọ ibì kan tó pa á lẹ́rìn-ín. Kó sọ ọ́ bó ṣe rántí ẹ̀. Níbi tó bá ti ń sọ ọ́ tí ohùn rẹ̀ yí padà, adùn tó ń wí nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá wá béèrè ohun tí ojú ń ti àwọn ẹlòmíràn láti béèrè. Ilé mélòó la ní? Ṣé a máa ya eré òru, torí òru túmọ̀ sí iná, iná túmọ̀ sí dísù? Ṣé ọkọ̀ wà? Òṣèré ńlá tí ẹ fẹ́ mú, ọjọ́ mélòó ló lè fún wa? Mo ti kọ ìtàn kan tí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé kan ṣoṣo, láàárọ̀ sí ọ̀sán, nítorí ohun tí owó tó wà nílẹ̀ gbà nìyẹn. Ó wà lára àwọn tó dùn jù tí mo kọ. Barton gba iṣẹ́ láìbéèrè iye ẹsẹ̀ tí àga náà ní, ó wá ń bínú pé àga ò dúró.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, ìdí fíìmù náà kọ́. Ìdí rẹ̀ wà ní yàrá kejì.

Ọkùnrin kan ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ Barton ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn, Charlie Meadows ni wọ́n ń pè é. John Goodman ló ṣe é, ó tóbi, ó ń làágùn, ó ń ta ìnṣọ́ránsì láti ilé dé ilé. Barton gbọ́ ariwo láti yàrá rẹ̀, ó fi ẹjọ́ sùn nísàlẹ̀, bí Charlie ṣe wá kanlẹ̀kùn nìyẹn. Wọ́n jọ jókòó, Charlie gbé ọtí kalẹ̀. Barton bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé ohun tí òun fẹ́ fi ayé òun ṣe ni kíkọ ìtàn àwọn èèyàn gidi, àwọn òṣìṣẹ́, àwọn mẹ̀kúnnù. Charlie ní, "Mo lè sọ ìtàn fún ọ o." Barton ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn gan-an lòun ń wí, ó sì ń bọ́rọ̀ rẹ̀ lọ. Charlie tún ní òun lè sọ ìtàn fún un. Barton ò tilẹ̀ mí. Ó ń fi ìbínú sọ nípa àwọn òǹkọ̀wé tó ta kété sí mẹ̀kúnnù, mẹ̀kúnnù sì jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn lẹ́nu, kò ráyè sọ ọ́.

Charlie mọ ìjàkadì! Ó tiẹ̀ di Barton mú nílẹ̀ yàrá, ó fi bí wọ́n ṣe ń jà hàn án. Gbogbo ohun tí Hollywood ń béèrè wà lẹ́yìn ògiri kan péré.

Ẹ tún kíyè sí etí. Etí Charlie ń ṣọyún, òwú ló fi ń dí i, ó sì ń rí dókítà lórí rẹ̀. Síbẹ̀ òun ló ń gbọ́ ohun gbogbo tó ń lọ nínú ilé yẹn. Barton tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá, nígbà tí ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́wọ́ ìparí, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi òwú di etí méjèèjì, ó wá jókòó ti tàìpùráítà. Fóònù ń dún, kò gbọ́. Àwọn Coen ò tọ́ka sí i, wọn ò fi orin kankan ti í lẹ́yìn. Ẹni tó bá rí i, ó rí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá bẹ́, tí Charlie yí padà di nǹkan mìíràn tí n kò ní sọ nítorí àwọn tí kò tíì wò ó, Barton bi í pé, "Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?" Ìdáhùn Charlie ni pé, "O kì í gbọ́rọ̀." Ó ní àlejò tó gbé tàìpùráítà dání ni Barton, pé òun ní tòun, ibẹ̀ lòun ń gbé.

Ní Lafenwa, mo gbé ilé kan tí onílé rẹ̀ jẹ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Bó bá ti rí iná nínú yàrá mi lálẹ́, á kanlẹ̀kùn.

"Akọ̀wé, o ò tíì sùn?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ wọlé."

Bó bá jẹ́ pé n kò tíì wo Barton Fink nígbà náà ni, bóyá ǹ bá ti máa tètè paná. Mo máa ń ti kọ̀ǹpútà pa, màá bu omi fún wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ ò wúlò fún fíìmù kankan: orúkọ àwọn ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin, ẹni tó jí kẹ́rẹ́sínì, bí ojú irin ṣe máa ń dún tí òjò bá fẹ́ rọ̀. N kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀ lójú wọn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń sọ ọjọ́ tí ìyàwó wọn àkọ́kọ́ kó ẹrù jáde nílé. Ẹ̀sùn wo, ìjà wo, wọn ò dé ibẹ̀ rárá. Wọ́n ní òun dúró sẹ́nu ọ̀nà, obìnrin náà gbé àpótí sórí, òjò ti ṣú.

Mo ní, "Kí lẹ sọ fún wọn, Bàbá?"

"Mo ní ṣé ó ti mú agbòjò."

"Ìyẹn nìkan?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọdé. "Kí ni ǹ bá tún sọ? Òjò ń bọ̀ nígbà náà."

Bí mo bá jókòó sínú yàrá fún oṣù kan, n kò lè ronú kan gbólóhùn yẹn. Ọkùnrin inú orí mi ì bá ti sunkún, ì bá ti ní "má fi mí sílẹ̀, ìwọ ni ayé mi." Mo gbé agbòjò náà sínú ìtàn kan tí mo ń kọ lọ́wọ́, mo yí gbogbo nǹkan yòókù padà kí ó má baà di ìtàn Bàbá. Àwọn tó ni iṣẹ́ fagi lé e. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà kúnlẹ̀ kó dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, pé ibẹ̀ ni àwọn èèyàn á ti sunkún. Ó di lokéṣàn, ibi tá a ti ń ya fíìmù. Òṣèré àgbà tó ṣe ọkọ, tó ti ṣe eré orí ìtàgé kiri kí fíìmù tó dé, ka ìwé eré méjèèjì. Ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe wí. Wọ́n ní ó dáa. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún tan kámẹ́rà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú ọ̀run, ó ní, "Agbòjò ńkọ́?" Ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyàwó gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn, ó kàn ń wò ó.

Èyí tí wọ́n gbé sínú fíìmù ni ti ìkúnlẹ̀. Àwọn tó wò ó sunkún lóòótọ́.

Òṣèré yẹn ló jẹ́ kí n rí ibi tí ọ̀nà tiwa ti yà kúrò lára ti Barton. Barton gbà pé ohun tó wà nínú orí òun nìkan ni iṣẹ́ náà. Bó bá wá sí lokéṣàn wa, á ṣubú lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹnu ni eré Yorùbá ti wá. Ogunde dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, àwọn ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e sì ń gbé eré káàkiri ìlú, wọ́n á mọ ibi tí ìtàn ń lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu oníkálukú á wá bá a lórí ìtàgé. Nígbà tí eré wọnú kámẹ́rà, láti Ajani Ogun ní 1976 dé Aiye ti Ogunde ní 1979, àwọn èèyàn ẹnu yìí náà ni wọ́n gbé e wọlé. Títí dòní, àgbà òṣèré á ka ohun tí mo kọ lẹ́ẹ̀kan, á fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí bàbá Ìjẹ̀bú sọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé kan máa ń fi ìyẹn ṣe ìjà. Èmi ò bá wọn dá sí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìwé ṣe lè gbé ẹnu ró láìpa á, kó lọ wo Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání darí ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni Ìṣọ̀lá ní Ifẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, síbẹ̀ ẹ ò ní rí ibi tí ìwé ti ń yọjú lẹ́nu àwọn òṣèré rẹ̀.

Ó ku ti Mayhew. Òǹkọ̀wé ńlá ni, ẹni tí Barton ń bọ̀wọ̀ fún jù, òun náà ti wá ń kọ fíìmù ní Hollywood. Barton kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ níbi tó ti ń bì nínú ilé ìyàgbẹ́, ọtí ti gbà á. William Faulkner, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, ni àwọn Coen wò dá a láwọ̀. Faulkner gidi lọ sí ilé iṣẹ́ fíìmù MGM ní 1932, wọ́n sì ní kó lọ kọ fíìmù ìjàkadì fún Wallace Beery, ìyẹn ni pé àwàdà inú fíìmù yìí ṣẹlẹ̀ rí. Àmọ́ níbi tí Mayhew ti yàtọ̀ sí Faulkner ni pé Audrey, akọ̀wé rẹ̀ tó tún jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀, ló ń bá a kọ àwọn ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìtàn fíìmù. Judy Davis ṣe Audrey débi pé ó dùn mí pé wọn ò fún un ní àkókò tó pọ̀ sí i. Irú Audrey pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èmi náà ti kọ ìtàn tí orúkọ ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀. A jọ ṣe àdéhùn, wọ́n sanwó, ọ̀rọ̀ parí.

Audrey yìí kan náà ló fún Barton ní ohun tó ń wá. Ó ní fíìmù ìjàkadì ò ju pé oníjàkadì rere wà, oníjàkadì burúkú wà, wọ́n máa pàdé níkẹyìn. Láàárín kan, ẹni rere ní obìnrin tó fẹ́ràn tàbí ọmọ tó ń dáàbò bò. Ó sọ ọ́ láìfi ṣe yẹ̀yẹ́. Barton ò mọ bó ṣe máa fi í ṣiṣẹ́. Èmi fẹ́ràn irú àlàyé bẹ́ẹ̀ gan-an, mo sì máa ń bi àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wa léèrè tiwọn. Orogún wà, ìyá ọkọ wà, ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀ wà, ọmọ tó lọ sílùú òyìnbó tó gbàgbé ìyá rẹ̀ wà. Àwọn tó ń fi èyí ṣe ẹlẹ́yà rò pé ó máa ń de ọwọ́ òǹkọ̀wé. Mo ti kọ orogún tó pọ̀, ọwọ́ mi ò sì dè. Òǹwòran ti mọ ibi tí à ń lọ, nítorí náà mo ráyè láti dúró sójú ọ̀nà, kí n jẹ́ kí ìyálé àti ìyàwó jọ ṣa ẹ̀fọ́ fún odidi síìnì kan láìjà.

Ibì kan wà tí mo rò pé ọ̀pọ̀ àwọn tó yìn fíìmù yìí pàápàá ò rí. Barton padà kọ ìwé eré rẹ̀ tán, ní ìjókòó kan ṣoṣo, ó gbà pé òun ò kọ ohun tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn òǹwòran náà gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n ń káàánú rẹ̀ pé àwọn olówó ò mọyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ gbólóhùn tí eré orí ìtàgé New York fi parí, pé a máa gbúròó ọmọ yìí, kì í sì í ṣe nípa káàdì ìkíni. Gbólóhùn kan náà ló fi parí fíìmù ìjàkadì, oníjàkadì ló kàn fi rọ́pò ọmọ. Ohun kan náà ló tún kọ. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Hotel Earle, òkú, ẹ̀jẹ̀, ọlọ́pàá, kò sí ìkankan tó wọ inú ìwé náà.

Ó jáde lọ jó níbi tí àwọn ọmọ ogun ojú omi wà, inú rẹ̀ ń dùn. Ọmọ ogun kan bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ bá ọmọbìnrin tó ń bá jó jó, torí ọ̀la lòun ń lọ. Barton kọ̀, ó ń pariwo pé òǹkọ̀wé lòun, pé òun ń ṣẹ̀dá, ó fọwọ́ sí orí rẹ̀, ó ní aṣọ iṣẹ́ tòun nìyí. Mẹ̀kúnnù tó ní òun ń tìtorí wọn kọ̀wé ló wá gbá a ní ẹ̀ṣẹ́.

Wọ́n ní àwọn Coen fúnra wọn kọ Barton Fink nígbà tí ìtàn Miller's Crossing takókó mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n kọ èyí láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì padà lọ parí èkíní, tó jáde ní 1990. Mo mú ìyẹn lò. Ìtàn méjì ló máa ń wà lọ́wọ́ mi, tí ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ jọ èkejì. Bí ti àwọn pirodúsà bá gan, mo máa ń ṣí tèmi tí ẹnikẹ́ni ò béèrè.

Ìparí Barton burú ju kí wọ́n lé e lọ. Lipnick ka ìwé náà, ó bínú, ó ní ìjàkadì lòun ní kó kọ, kì í ṣe ẹnì kan tó ń bá ọkàn ara rẹ̀ jà. Ó wá ní kò ní kúrò. Á máa wà níbẹ̀, á máa kọ̀wé, gbogbo ohun tó bá kọ á jẹ́ tiwọn, wọn ò sì ní ṣe ìkankan nínú rẹ̀ jáde. Lou Breeze tó ń ṣèránṣẹ́ Lipnick ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ pé ohun tó wà nínú orí rẹ̀ ti di dúkìá ilé iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń yá fíìmù náà rò pé àsọdùn ni. Mo máa ń ní kí wọ́n mú ìwé àdéhùn tí wọ́n bu ọwọ́ lù kẹ́yìn wá, ká jọ kà á. Nínú tèmi, ìlà kan wà tí n kì í jẹ́ kí wọ́n yọ: bí ẹ ò bá tíì ya á di ọjọ́ báyìí, ìtàn padà sọ́wọ́ mi, àsansílẹ̀ tí ẹ san sì jẹ́ tèmi. Àwọn kan ti tìtorí ẹ̀ gbé iṣẹ́ lọ fún ẹlòmíràn. Àwọn tó kù la jọ ń ṣe é.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ wò ó lálẹ́, kẹ́ ẹ fi nǹkan sétí, torí ìdajì iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ wà nínú ohùn: agogo iwájú òtẹ́ẹ̀lì tó ń dún tí kò dákẹ́, ẹ̀kún tàbí ẹ̀rín láti yàrá kejì, òógùn ògiri. Ẹ ní sùúrù fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Níbi kan, Charlie máa fún Barton ní àpótí kan pé kó bá òun tọ́jú ẹ̀, Barton á sì máa gbé e kiri. Ẹ má wá bi mí ohun tó wà nínú rẹ̀. Fíìmù náà parí, wọn ò ṣí i.